Ààrin Ìtàn Tí Wọ́n Gé Kúrò

Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà wà lójú ọ̀nà tó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé. Láti ìgbà tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, ti fi ọ̀kan nínú ọgbà rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síbẹ̀, ìlú àgbẹ̀ yìí ti di ìlú akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú. Ìyá tó ń fún epo pupa, ọmọ ilé ìwé tó ń dirun, èyí tó ń ránṣọ, èyí tó ń ta bàtà, gbogbo wọn ló ti mọ̀ báyìí pé fóònù ni ìsọ̀ tuntun. Fídíò ìṣẹ́jú kan péré lórí WhatsApp tàbí TikTok lè mú oníbàárà wá láti Òṣogbo tàbí láti Èkó. Ìmọ̀ràn tí àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí sì máa ń fún wọn ni pé kí wọ́n má kàn gbé ọjà síwájú kámẹ́rà lásán, kí wọ́n sọ ìtàn. Kí fídíò náà ní olú ẹ̀dá ìtàn, kí ìṣòro wà, kí gbọ́nmisi-omi-ò-to wà, kó dé góńgó, kí ìtura sì tẹ̀lé e.

Ìmọ̀ràn gidi ni, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá fi ìtàn polówó ọjà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ bí ìpolówó kan, tí àhunpọ̀ ìtàn rẹ̀ dán mọ́rán, ṣe fojú orílẹ̀-èdè kan rí màbo, tó sì tún wá ká àwa náà mọ́lé ní Nàìjíríà lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún.

Rọ́ṣíà ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ní ọdún 1994. Ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ti wó ní òpin ọdún 1991. Owó oṣù kò lọ déédéé mọ́, ọjà ń gbówó lórí lójoojúmọ́, owó tí àwọn àgbàlagbà ti ń tù jọ láti ìgbà èwe wọn sì ti di ohun tí kò lè ra nǹkan kan mọ́. Àwọn ènìyàn tí ìjọba ti ń bá ṣètò gbogbo nǹkan tẹ́lẹ̀, láti ilé tí wọ́n ń gbé títí dé ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ṣàdédé bá ara wọn láàárín ọ̀rọ̀ ìpín ìdókòwò tí ẹnikẹ́ni kò là wọ́n lóye rẹ̀ rí. Ní oṣù Kejì ọdún 1994 ni Sergei Mavrodi bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpín ilé iṣẹ́ rẹ̀, MMM, fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ọdún 1989 ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà àti ohun èlò ọ́fíìsì ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó wọlé tà.

Kò sí iṣẹ́ gidi kan lẹ́yìn ìpín yìí tó lè mú irú èrè tí wọ́n ń ṣèlérí wá. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń kéde iye tí ìpín rẹ̀ tó, iye náà sì ń lọ sókè ṣáá ni. Owó ẹni tó wọlé lónìí ni wọ́n ń mú san fún ẹni tó wọlé lánàá. Èyí kì í ṣe ọgbọ́n tuntun láyé. Ohun tó jẹ́ tuntun ni bí wọ́n ṣe polówó rẹ̀.

Mavrodi kò gbé onímọ̀ ìṣirò wá sórí tẹlifíṣàn. Bakhyt Kilibayev, olùdarí fíìmù tó jẹ́ ọmọ Kàsàkístánì, ló gbéṣẹ́ fún, ẹni yẹn sì dá ẹ̀dá ìtàn kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lyonya Golubkov. Òṣèré kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ títí di ìgbà náà, Vladimir Permyakov, ló ṣe é. Lyonya ń wa katakata tó ń gbẹ́lẹ̀. Kò kàwé rẹpẹtẹ, kò rẹwà, kò sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ojú rẹ̀ jọ ojú aládùúgbò tí ẹ máa ń kí láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó jáde.

Nínú ọ̀kan lára àwọn ìpolówó àkọ́kọ́, Lyonya ra ìpín, èrè wọlé, ó sì fẹ́ fi ra bàtà òtútù fún ìyàwó rẹ̀. Ó parí. Wọn kò ṣèlérí ilé aláruru, wọn kò sọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Bàtà ni, ohun tí obìnrin èyíkéyìí ní Rọ́ṣíà nílò nígbà òjò dídì, tí ọkọ tó bá lójú àánú yóò sì fẹ́ rà fún un. Nígbà tó yá, ó kan ẹ̀wù onírun. Lẹ́yìn náà ni Lyonya dúró níwájú pátákó kan nínú ilé, tó fi ọ̀pá tọ́ka sí ìlà kan tó ń gòkè lọ: bàtà, ẹ̀wù, àga àti tábìlì, ọkọ̀, ilé. Ìpolówó kọ̀ọ̀kan kò gùn, àmọ́ ọ̀kan ń bí èkejì. Àwọn ènìyàn ń retí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń retí eré àtìgbàdégbà, wọ́n fẹ́ mọ ohun tí Lyonya máa rà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ibi tí mo ka ọgbọ́n wọn sí jù lọ ni ìpolówó tí Ivan ti wọlé. Ọmọ ìyá Lyonya ni Ivan, ó ń wa èédú ní Vorkuta, ní òkè àríwá tí òtútù ti ń pààyàn. Àwọn méjèèjì jókòó ti ọtí. Ivan bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọmọ ìyá rẹ̀: ó ní ọ̀lẹ ni, ó ní ẹni tó ń jẹ owó tí kò ṣiṣẹ́ fún ni, ó rán an létí pé àwọn òbí wọn fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣiṣẹ́. Ohun tí Ivan sọ yìí gan-an ló wà lọ́kàn gbogbo ẹni tó ń wo tẹlifíṣàn tí ara rẹ̀ kò balẹ̀. Lyonya kò bínú. Ó dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé òun kì í ṣe ajẹ́-àìṣiṣẹ́, pé alábàáṣepọ̀ lòun jẹ́.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Wọ́n mú iyèméjì tó wà lọ́kàn oníbàárà, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀dá ìtàn, wọ́n fún un lóhùn líle, wọ́n sì jẹ́ kí ó sọ gbogbo ẹ̀sùn rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pa á lẹ́nu mọ́. Ẹni tó wà nílé tí ìbéèrè náà ń jẹ lọ́kàn yóò rò pé ẹnì kan ti bá òun bi í, àti pé ìdáhùn ti jáde. Bẹ́ẹ̀ kò sí ìdáhùn kankan níbẹ̀. Alábàáṣepọ̀ nínú kí ni? Iṣẹ́ wo ni wọ́n jọ ń ṣe? Àwọn méjèèjì kò sọ̀rọ̀ kan èyí rárá.

Wọ́n tún dá àwọn mìíràn sílẹ̀. Marina Sergeevna ni obìnrin tó dá gbé, tí kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Nikolai Fomich àti Elizaveta Andreevna ni tọkọtaya arúgbó tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Igor àti Yulia ni ọ̀dọ́. Kò sí ilé kan tí wọn kò ti rí ẹni tó jọ wọ́n nínú ìtàn yìí. Nígbà tó tún yá, wọ́n gbé Victoria Ruffo wá láti Mẹ́síkò. Òun ni olú òṣèré Simplemente María, eré tẹlifíṣàn tí gbogbo Rọ́ṣíà ń wò nígbà náà. Ní ìgbà ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 1994, Lyonya àti Ivan tún fò lọ sí Kalifóníà láti lọ wo bọ́ọ̀lù tí orílẹ̀-èdè wọn gbá pẹ̀lú Brasil. Ivan tó ń bú ọmọ ìyá rẹ̀ lánàá ló jókòó sí pápá ìṣeré nílẹ̀ òkèèrè yìí, tí omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀. Góńgó ìtàn ni. Ọ̀tá ti di ẹlẹ́rìí.

Ní ìparí oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, gbogbo rẹ̀ wó. Ìpín tí iye rẹ̀ ti lé ní 100,000 rúbù já wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,000. Èrò rọ́ lọ sí iwájú ọ́fíìsì MMM ní Mọ́sìkò, àwọn ọlọ́pàá dúró tì wọ́n. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, ìjọba mú Mavrodi lórí ẹ̀sùn owó orí. Ẹ máa rò pé àwọn tí owó wọn há síbẹ̀ á dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Rárá o. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń pariwo pé ìjọba ló ba nǹkan jẹ́, pé bí wọ́n bá fi Mavrodi sílẹ̀ yóò san owó àwọn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1994 náà, wọ́n dìbò fún un wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ipò tó fún un ní ààbò kúrò lọ́wọ́ ìgbẹ́jọ́. Ó di ọdún 2007 kí ilé ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi jìbìtì, tí wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ fún un.

Ohun tó mú kí ẹni tí wọ́n jà lólè máa gbèjà olè rẹ̀ yẹ kó jẹ gbogbo ẹni tó ń ya fídíò lógún. Ìtàn náà ti wọ inú wọn ju ìṣirò lọ. Ní ọdún 2000, Melanie Green àti Timothy Brock, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ìtàn bá gbé lọ. Wọ́n rí i pé bí ìtàn bá ṣe gbé ènìyàn lọ tó, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ìtàn náà ti mẹ́hẹ kì í hàn sí i mọ́, ìgbàgbọ́ rẹ̀ a sì máa tẹ̀ sí ibi tí ìtàn náà tẹ̀ sí. Kódà, bí wọ́n sọ fún un ṣáájú pé àròsọ ni, ìyẹn kò dá a dúró.

Àwọn onímọ̀ ìpolówó ọjà náà kò sùn. Ní ọdún 2014, Keith Quesenberry àti Michael Coolsen gbé èsì ìwádìí wọn jáde lórí ìpolówó 108 tí wọ́n ṣe nígbà Super Bowl, àṣekágbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà tí ìpolówó ibẹ̀ wọ́n bí ojú. Ìlànà tí Gustav Freytag ọmọ Jámánì là kalẹ̀ fún eré orí ìtàgé ní ọdún 1863 ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n: ìbẹ̀rẹ̀, ìgòkè, góńgó, ìsọ̀kalẹ̀, ìparí. Ìpolówó tí ìtàn rẹ̀ pé, tó ní gbogbo ìpele yìí, làwọn òǹwòran fẹ́ràn jù, ohun yòówù kí ọjà náà jẹ́. Ẹ tún gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kà. Àhunpọ̀ ìtàn kò bèèrè bóyá ohun tí wọ́n ń tà dára. Epo tó mọ́ àti epo tí wọ́n po àwọ̀ mọ́ yóò jàǹfààní rẹ̀ bákan náà.

Mavrodi jáde lẹ́wọ̀n, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní ọdún 2011, lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà yìí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, MMM wọ Nàìjíríà. Nígbà tí yóò fi di àárín ọdún 2016, kò sí ìlú tí akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba wà tí wọn kì í ti sọ̀rọ̀ PH àti GH, ìyẹn fífi owó sílẹ̀ fún ẹlòmíràn àti gbígba tìrẹ padà pẹ̀lú èlé 30 nínú 100 láàárín oṣù kan. Ọdún náà ni ọrọ̀ ajé Nàìjíríà dẹnu kọlẹ̀. Ní Ọ̀ṣun tiwa nígbà náà, ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń san àbọ̀ owó oṣù fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ láti ọdún 2015. Tíṣà tó ní ọmọ méjì ní yunifásítì kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ ya fídíò ìṣòro fún un. Apá àkọ́kọ́ ìtàn náà ti wà nínú ilé rẹ̀. Ìtura ló ń wá.

Lọ́tẹ̀ yìí, Mavrodi kò gba òṣèré mọ́. Ẹni tó bá ti gba owó ni wọ́n ń ní kó kọ lẹ́tà ìdùnnú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pè é. Bó bá sì ya ara rẹ̀ ní fídíò dípò kó kọ ọ́, wọ́n ń fi àjẹmọ́nú lé owó rẹ̀. Fídíò wọ̀nyẹn kún fóònù wa. Ẹnì kan á jókòó ní pálọ̀ rẹ̀, á dárúkọ ara rẹ̀ àti ìlú rẹ̀, á sọ iye tó fi sílẹ̀, á gbé fóònù sókè kí a rí àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì, á sì dúpẹ́. Kò sí olùdarí fíìmù, kò sí iná, ohùn kò já gaara. Èyí ló mú kó ṣeé gbà gbọ́. Owó tó hàn lórí fóònù náà sì jẹ́ òótọ́. Onítọ̀hún gbà á lóòótọ́. Kò purọ́. Ohun tí kò mọ̀, tàbí tí kò fẹ́ mọ̀, ni ẹni tó san án.

Lyonya kan ṣoṣo ni Rọ́ṣíà rí lórí tẹlifíṣàn. Ní Nàìjíríà, gbogbo ìdílé ló ní Lyonya tiẹ̀: àbúrò ìyá, aládùúgbò, ẹni tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó ní àsálátù. Ta ló máa jiyàn ọ̀rọ̀ ẹni tí ó mọ̀ láti kékeré?

Àjọ SEC tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò kìlọ̀ ní ọdún 2016. Báńkì àpapọ̀ náà kìlọ̀. Ìkìlọ̀ wọn jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ìwé ni; kò ní ojú, kò ní ohùn, kò sí ìyá àgbà kankan nínú rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ìṣirò náà kò ṣòro rárá. Ẹni tó bá fi ₦10,000 sílẹ̀, tí èlé 30 nínú 100 ń gorí rẹ̀ lóṣooṣù tí kò fọwọ́ kàn án, yóò ní nǹkan bí ₦233,000 lẹ́yìn ọdún kan. Bó bá di ọdún méjì, á ti lé ní mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Kò sí oko kòkó kan ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, láti Ìpetu títí dé Ìpẹ̀rìndó, tó so bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo tíṣà ìṣirò ló lè ṣe èyí sórí pátákó ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn kan nínú wọn sì wà nínú MMM.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2016, nígbà tí Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀, MMM ti gbogbo owó pa fún oṣù kan. Wọ́n ṣí i padà ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2017, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ kò rí owó wọn gbà mọ́. Àjọ NDIC tó ń dójútòfò owó báńkì sọ ní ọdún 2017 pé nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà ló pàdánù bílíọ̀nù 18 náírà. Mavrodi kú ní Mọ́sìkò ní oṣù Kẹta ọdún 2018.

Owó lè padà wá bí ènìyàn bá ṣiṣẹ́. Ohun tó dùn mí jù ni àwọn tó ya fídíò wọ̀nyẹn. Ojú wọn ni àwọn ènìyàn rí tí wọ́n fi kó owó sílẹ̀, kì í ṣe ojú Mavrodi. Ẹni tó gba àjẹmọ́nú díẹ̀ lórí fídíò ìṣẹ́jú méjì ti ta ohun tí bàbá àti ìyá rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ fún un: pé bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gbà á gbọ́. Fídíò náà kò sì kú. Ó wà lórí fóònù àwọn ìbátan rẹ̀ títí di òní.

Kí wá ni àléébù ìtàn náà, tó jẹ́ pé ó ní olú ẹ̀dá ìtàn, ó ní ìṣòro, ó ní góńgó, ó sì dùn? Ààrin rẹ̀ ni wọ́n gé kúrò. Lyonya kò ní bàtà. Lyonya ní bàtà. Tíṣà kò ní owó ilé ìwé. Tíṣà ní owó ilé ìwé. Láàárín méjèèjì kò sí iṣẹ́, kò sí ọjà tí wọ́n rà tàbí tí wọ́n tà, kò sí ẹni tó ná owó tó di èrè. Ibi tó yẹ kí wọ́n ti fi hàn wá bí owó ṣe bí owó ni wọ́n fò kọjá, wọ́n sì fi orin àti ẹ̀rín bo ojú àpá náà.

Ìyàtọ̀ èyí sí iṣẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan pọ̀ gan-an. Ní ọdún 1982, Moses Ọlaiya Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá tiwa, gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde, Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Lámídì tí Bàbá Sàlá ṣe nínú rẹ̀ jẹ́ ẹni tí oníṣègùn èké fi ìlérí ọrọ̀ òjijì gba gbogbo ohun tó ní lọ́wọ́ rẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ a rí ààrin ìtàn náà kedere: bí ojúkòkòrò ṣe wọlé, bí wọ́n ṣe tàn án, ẹni tí owó rẹ̀ lọ bá. Ìtàn tó pé ni, ó sì dùn pẹ̀lú pípé rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìpetu tó ń fi fóònù polówó, n kò ní kẹ́ ẹ sá fún ìtàn. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé ààrin ni kẹ́ ẹ gbé kámẹ́rà lọ. Bí epo pupa lẹ̀ ń tà, ẹ jẹ́ ká rí ẹyìn lórí ọ̀pẹ, ká rí ẹni tó gùn ún. Ẹ jẹ́ ká rí èéfín ibi tí wọ́n ti ń sè é, ká gbọ́ ìró ẹ̀rọ tó ń fún un, ká mọ iye páànù ẹyìn tó ń di kẹ́ẹ̀gì kan. Ẹ sọ fún wa ìdí tí epo fi wọ́n lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn àti ìdí tí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá fi pọ́n ju ti òní lọ. Gbọ́nmisi-omi-ò-to tó wà nínú iṣẹ́ yín gan-an tó fún ìtàn: òjò tó dí ọ̀nà, ẹ̀rọ tó bàjẹ́ lọ́jọ́ tí oníbàárà Èkó ń retí ẹrù. Kò sí ìdí láti dá ìyà sílẹ̀ fún ẹni tí kò jẹ ìyà.

Bí oníbàárà bá ń jẹ́rìí nínú fídíò, ẹ jẹ́ kó sọ èyí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn náà, pé ọṣẹ náà dára ṣùgbọ́n ó tètè tán. Bí ẹ bá san owó fún un, ẹ sọ ọ́. Bó bá jẹ́ òṣèré ni, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ fídíò. Òfin Nàìjíríà tó dáàbò bo oníbàárà, èyí tí wọ́n pè ní ti ọdún 2018, kò fàyè gba ọ̀rọ̀ ìtànjẹ nípa ọjà. Láti ọdún 2022 ni àjọ ARCON sì ti ní agbára lórí ìpolówó, tó fi dé ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin nìkan ni mo ń sọ.

Àwọn òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ ọjà í polówó kí kámẹ́rà tó dáyé. Wọ́n ru aṣọ lọ sí ìlú tí wọn kò ti mọ ẹnikẹ́ni, wọ́n tà á láwìn, wọ́n sì padà lọ gba owó wọn. Ahọ́n dídùn wà lára iṣẹ́ náà, ó sì ní láti wà. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti sọ pé aṣọ náà kì í ṣí ni wọ́n máa padà wá jókòó sí láti gba owó. Bó bá ti ṣí, oníbàárà á gbé e kò wọ́n lójú. Ohun tó ń ṣọ́ ẹnu wọn nìyẹn. Ẹni tó ya fídíò tó sì mọ̀ pé òun kò ní padà sí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni, kí ló ń ṣọ́ ẹnu tirẹ̀?

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ MMM ti kọjá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ètò kan tí wọ́n ń pè ní CBEX, tó ń ṣèlérí láti sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí oṣù kan, dáwọ́ owó sísan dúró. Àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó, n'Íbàdàn, wọ́n kó àga àti ẹ̀rọ ibẹ̀ lọ. Wọ́n ti sọ ìtàn fún àwọn náà: ọpọlọ ẹ̀rọ ni olú ẹ̀dá ìtàn lọ́tẹ̀ yìí, òun ló ń bá wọn ṣòwò lóru nígbà tí wọ́n ń sùn. Bàtá yípadà, ìlù kò yí. Wọn kò tún fi ààrin hàn.

Kò tíì pé oṣù kan sígbà tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí òfin ìdókòwò tuntun ti ọdún 2025 nígbà tí CBEX wó. Òfin náà dárúkọ irú ètò báyìí ní ojú ewé rẹ̀, ó sì la ẹ̀wọ̀n ọdún 10 àti ìtanràn mílíọ̀nù 20 náírà sílẹ̀ fún ẹni tó bá gbé e kalẹ̀. SEC sọ pé CBEX kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn rí. Orúkọ gbogbo ilé iṣẹ́ tó ní àṣẹ láti gba owó ìdókòwò lọ́wọ́ aráàlú wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì àjọ náà, ẹnikẹ́ni sì lè wò ó lórí fóònù kan náà tó fi ń wo fídíò. Kẹ́ ẹ tó fi owó ránṣẹ́, àti kẹ́ ẹ tó ya ojú yín fún ẹnikẹ́ni, ẹ lọ wá orúkọ ilé iṣẹ́ náà níbẹ̀.